Kí ni ìdí tiyín gan-an tí ẹ fi ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tàbí tí ẹ kì í fi í jẹ ẹ́?

Ọmọ Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó ni mo ń bójú tó láti ìgbà tí wọ́n ti papòdà. Abo mẹ́rìnlá àti akọ méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, láìka àwọn ọmọ mọ́ wọn. Bí abo bá ti gba akọ, mo máa ń fi ẹfun ṣàmì ọjọ́ náà sára ògiri, nítorí pé oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni oyún rẹ̀, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí yóò bímọ. Owó tí mo ń rí níbẹ̀ ni mo fi ń rán àwọn ọmọ mi níléèwé. Síbẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ ìkòkò nílé mi.

Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló bi mí pé, "Bàbá mi, kí ló dé tí à ń sin ẹran tí a kì í jẹ?" Mo dá a lóhùn pé ọ̀rá inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ara mi. Ó wò mí, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ máa ń jẹ ẹran màlúù tó lọ́ràá bí a bá lọ sóde àríyá." N kò rí èsì fún un.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbọ́ ti ẹnu yín. N kò béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo ayé ṣe. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó mú òun jẹ ẹ́, tàbí ohun tó mú òun fi í sílẹ̀, ni mo ń fẹ́.

Ará Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ Ìlódè, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mùsùlùmí ni mí. Inú ẹ̀sìn náà ni wọ́n bí mi sí, mo sì tún fúnra mi yàn án nígbà tí mo dàgbà. Ibi mẹ́rin ni Àlùkùránì ti kọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún wa: Súúrà kejì ẹsẹ 173, Súúrà karùn-ún ẹsẹ 3, Súúrà kẹfà ẹsẹ 145, àti Súúrà kẹrìndínlógún ẹsẹ 115. Àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ kí n sọ pé nítorí ìdọ̀tí ni, tàbí nítorí aràn, bí ẹni pé ìgbọràn nìkan kò tó ìdí. Bí ẹnì kan bá sin ẹlẹ́dẹ̀ sórí ibùsùn, tí ó ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, n kò ní jẹ ẹ́. Ẹlẹ́dàá mi ní kí n má jẹ ẹ́, mo sì gbà.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ní 1994, nígbà tí mo wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Iléṣà kan ni a jọ ń gbé yàrá, ìkòkò kan ṣoṣo la sì jọ ń lò. Ìyá rẹ̀ a máa fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dídín ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Lọ́jọ́ kan mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo rí ìkòkò kékeré kan, àwo kan àti ọ̀bẹ kan nínú paálí níta fèrèsé. Ó ti lọ fi owó ara rẹ̀ rà wọ́n. N kò bá a sọ ọ́ rí, kò sì dúró kí n sọ ọ́. Títí a fi parí ẹ̀kọ́, kò gbé paálí náà wọ inú yàrá. Nígbà tí wọ́n bá bi mí léèrè ìdí tí n kì í fi í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀sìn mi ni màá tọ́ka sí. Nígbà tí wọ́n bá sì bi mí léèrè ìdí tí n kì í fi í kẹ́gàn ẹni tó ń jẹ ẹ́, ọkùnrin yẹn ni màá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà (Òkè-Ẹ̀sọ̀, Iléṣà)

Mo ń jẹ ẹ́, mo sì ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré. Ọmọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, mo lè ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹwàá fún yín, níbi tí Pétérù ti rí aṣọ ńlá tó ń ti ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú onírúurú ẹranko, tí ohùn kan sì sọ fún un pé ohun tí Ọlọ́run ti wẹ̀ nù, kí ó má ṣe pè é ní àìmọ́. Mo tún lè ka Róòmù orí kẹrìnlá. Ṣùgbọ́n Ọmọ Ìlódè béèrè ìdí wa gan-an, bí mo bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, mo ti ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kí n tó mọ ìwé kà.

Kérésìmesì ni ìdí tèmi. Ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń sìn lọ́dún, láti ìgbà òjò ni wọ́n sì ti ń fi èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ ọ. Bí ó bá ku ọjọ́ kan kí Kérésìmesì pé, kí àkùkọ tó kọ ni àwọn àgbàlagbà yóò ti pa á, omi gbígbóná á ti wà nílẹ̀ nínú agbada ńlá, àwa ọmọdé la máa ń di fìtílà mú nígbà tí wọ́n bá ń da omi náà sí i lára tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ họ irun rẹ̀ títí awọ rẹ̀ yóò fi funfun, ìyá mi á sì ti lọ ata, àlùbọ́sà àti ataare sílẹ̀. Orí ń lọ sílé olórí ẹbí. Itan kan ń lọ sílé àna. Ẹ̀dọ̀ jẹ́ ti àwa tí a di fìtílà mú, wọ́n á yan án lórí ẹ̀yinná fún wa níbẹ̀ gan-an kí ilẹ̀ tó mọ́. Iyán la fi ń jẹ ìyókù, gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ̀ṣà.

Ìdílé Mùsùlùmí kan wà tí ògiri ilé wọn kan tiwa. Àkùkọ adìẹ méjì láàyè ni bàbá mi máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn pa á bí ẹ̀sìn wọn ti wí. Nígbà iléyá, àwọn náà á gbé itan àgbò wá. Bàbá mi ti kú láti 1987, àwọn arákùnrin mi ti fọ́n káàkiri, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ataare sí dáadáa, mo tún máa ń rí ara mi pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì (Màyéfà, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun, Olùkọ́ Àgbà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọmọ Ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje ni èmi, ìjọ tó ti wà nílẹ̀ Yorùbá láti 1914 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Erúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn, tó sì ní ilé ìwòsàn ní Lágeré níbí. Léfítíkù orí kọkànlá la dì mú: ẹlẹ́dẹ̀ la pátákò ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ àpọ̀jẹ, nítorí náà aláìmọ́ ni fún wa.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni gbogbo ènìyàn ń rántí nínú orí ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló ti sọ pé ẹja tí kò bá ní ìpẹ́ àti lẹ́bẹ́, a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, àwọn ohun tó ń fàyà fà nílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo wọ ìjọ yìí lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, ẹlẹ́dẹ̀ kò fún mi ní ìṣòro kankan, nítorí pé a kì í sábà sè é nílé wa. Ẹja àrọ̀ ló dùn mí. Ìgbín ló dùn mí. Òkété tí ìyá ìyá mi máa ń yan láti oko Ìfẹ́wàrà, n kò gbàgbé òórùn rẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, bí Kristẹni kan bá sọ fún mi pé nítorí Léfítíkù ni òun kò ṣe jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mo máa ń bi í bóyá ó ti fi àrọ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe bínú, kì í ṣe ìjà ni mo fi ń béèrè. Mo kàn gbà pé ẹni tó bá gba apá kan òfin náà yẹ kó mọ ohun tó fà á tí kò fi gba apá kejì.

Ìdí tèmi gan-an ni pé ní ọdún tí mo bí àwọn ìbejì mi, àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ, mo sì ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí mo bá dìde, ara yìí di ti Rẹ̀. Ohun tí mo ń fi sínú rẹ̀ jẹ́ ara ìlérí náà.

Ọmọ Ọwá (Iléṣà)

Èmi ò jẹ ẹ́, nǹkan méjì ló sì fà á. Àkọ́kọ́, Máàkù orí karùn-ún sọ pé Jésù gba àwọn ẹ̀mí àìmọ́ láyè kí wọ́n wọ inú agbo ẹlẹ́dẹ̀. Èkejì, ẹni tó bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, aràn inú rẹ̀ máa ń gba ọ̀nà ọ̀fun gòkè lọ sí ọpọlọ, ó sì máa ń di wárápá. Ọmọ àbúrò bàbá mi ní wárápá, ohun tí wọ́n sì sọ fún wa nílé nìyẹn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé wa ti jáwọ́.

Olùkọ́ Àgbà (Òkè-Ẹ̀sọ̀, Iléṣà)

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò wo ẹbí yín sàn. Ní ti Máàkù, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí ìwé náà sọ, bí ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n, gbogbo wọn sì rì sínú òkun lọ́jọ́ náà. Kò sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ń gbé inú èyí tí Ọmọ Ìlódè ń sìn lójú ọ̀nà Oǹdó.

Oníṣègùn Ẹranko (Ìmọ̀, Iléṣà)

Àbúrò mi Ọmọ Ọwá, iṣẹ́ mi ni èyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kíkún, nítorí pé ó kan àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rárá.

Aràn tí ẹ ń sọ wà ní tòótọ́. Taenia solium ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà dé ọpọlọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún yín. Ẹni tó bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná, tí ọmọ aràn sì wà nínú ẹran náà bí hóró ìrẹsì funfun, aràn pẹlẹbẹ gígùn ni yóò dàgbà nínú ìfun rẹ̀, ẹyin aràn náà yóò sì máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Bí ẹni náà bá ń yàgbẹ́ sí gbangba, tí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń rìn kiri sì jẹ ẹ́, inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹyin náà yóò ti di ọmọ aràn. Bí ó bá wá jẹ́ pé ènìyàn ló gbé ẹyin náà mì, láti inú omi, láti ara ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa, tàbí láti ọwọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ tí kò fi ọṣẹ fọwọ́ nígbà tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, ọmọ aràn lè wọ ẹran ara onítọ̀hún, ó lè wọ ojú rẹ̀, ó sì lè wọ ọpọlọ. Èyí tó wọ ọpọlọ ló ń fa wárápá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn ibi tí aràn yìí ti gbilẹ̀, òun ló wà nídìí nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó ní wárápá.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí kò fi ẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé rẹ̀ lè ní aràn yìí nínú ọpọlọ, bí ẹni tó ń gbé ilé kan náà bá ní in nínú ìfun. Kì í sì í ṣe gbogbo wárápá ló ti ọ̀dọ̀ aràn wá. Ọ̀pọ̀ ìdí mìíràn wà, bí ìṣòro nígbà ìbí àti ìfarapa lórí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín dá ọmọ náà tàbí ìyá rẹ̀ lẹ́bi nítorí oúnjẹ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ, nítorí pé oògùn wà tó ń dá gìrì rẹ̀ dúró.

Ní ti ẹran náà fúnra rẹ̀, bí a bá sè é tí gbígbóná rẹ̀ dé àárín, tí ó tó ìwọ̀n 71 lórí òṣùwọ̀n Celsius, aràn kò lè yè nínú rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sé mọ́lé, tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ àti omi mímọ́, kò ní àǹfààní láti jẹ ìgbẹ́ ènìyàn. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri lórí ààtàn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kì í sì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ló jẹ̀bi ààtàn.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹranko yìí díẹ̀ sí i. A máa ń pa á lówe pé ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge. Ẹlẹ́dẹ̀ kò lè làágùn bí ènìyàn ṣe ń làágùn, nítorí náà ẹrẹ̀ tútù ni ó fi ń mú ooru kúrò lára. Bí ilé rẹ̀ bá tóbi tó, igun kan ni yóò máa yàgbẹ́ sí, kò sì ní sùn síbẹ̀. Ọmọ Ìlódè yóò jẹ́rìí mi.

Ẹ béèrè ìdí tiwa. Èmi ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ ẹni tí mo mọ ilé ẹran rẹ̀ nìkan.

Ọmọ Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Òótọ́ ni, Dókítà. Igun tó súnmọ́ ibi tí omi wà ni tèmi ń yàgbẹ́ sí, èmi kò sì kọ́ wọn. Ìbéèrè kan: ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó kó gbogbo ẹran bàbá mi lọ nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣé ẹni tó bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè kó o?

Oníṣègùn Ẹranko (Ìmọ̀, Iléṣà)

Rárá. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tó jà gan-an lọ́dọ̀ wa ní 1997 àti 1998, tó sì tún padà jà ní 2020 tí àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró lẹ́bàá ààlà Èkó àti Ògùn fi pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹran, kì í ran ènìyàn. Kò ní oògùn fún ẹlẹ́dẹ̀ tó bá kọlù, ó sì lè pa gbogbo agbo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ta ẹran tí àrùn pa, nítorí pé ẹran náà, ọ̀bẹ tí wọ́n fi kun ún, àti bàtà ẹni tó rà á lè gbé àrùn náà dé ilé ẹlẹ́dẹ̀ ẹlòmíràn.

Ọmọ Ọwá (Iléṣà)

Mo dúpẹ́ púpọ̀, Dókítà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ìyàwó àbúrò bàbá mi ló máa ń se ẹlẹ́dẹ̀ nílé, òun ni gbogbo ẹbí sì ti ń dá lẹ́bi láti ọdún méje. N kò tíì mọ̀ bóyá màá jẹ ẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ti wọ̀ mí lára jù.

Ìyá Ẹlẹ́ran (Odò-Ògbè, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ń tà láti ọdún kọkàndínlógún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti ṣaláìsí tí ó fi ọmọ mẹ́ta sí mi lọ́wọ́. Màlúù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju agbára mi lọ. Mo ń jẹ ẹ́, àwọn ọmọ mi ń jẹ ẹ́, òun náà ló sì sọ wọ́n di ẹni tí wọ́n jẹ́. N kò ní ìdí mìíràn tó ju ìyẹn lọ.

Ohun tí mo rí lórí àtẹ mi ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wá lálẹ́, nígbà tí ọjà ti ń tú, wọ́n á ní kí n fi náílọ́ọ̀nù dúdú méjì wé e, kí n má sì pe orúkọ àwọn. Àwọn kan ń sá fún ìjọ wọn, àwọn kan ń sá fún ọkọ tàbí aya, àwọn mìíràn sì ń rà á nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ń ba oògùn ọ̀tá jẹ́ lára. N kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ ìyá àgbà, sọ fún mi kó tó kú pé òun kì í gbádùn rẹ̀ rárá, nítorí pé ìdúró ni òun fi ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n má rà á lọ.

Ọmọ Awo (Ìlárè, Ilé-Ifẹ̀)

A bí wa ní márùn-ún, èmi nìkan ni n kò gbọdọ̀ jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé wa, bí ẹ ti lè rò. Nígbà tí wọ́n bí mi, tí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ǹtáyé mi, Ifá sọ irú ọmọ tí mo jẹ́ àti ohun tí n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn, ẹlẹ́dẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi sun ẹní kan náà ń jẹ ẹ́ dáadáa, èèwọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Èèwọ̀ kò sọ pé nǹkan náà burú. Ohun tó ń sọ ni pé èmi àti nǹkan náà kò gbọdọ̀ pàdé. Nígbà tí ìyàwó mi lóyún, òun náà fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án nítorí ohun tó wà níkùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nílé bàbá tirẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, òun ni wọ́n máa ń fún ní etí ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ní gbogbo ọdún. N kò sọ fún un kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ní èdè àìyedè.

Fún àwọn tó ń béèrè, túùkú àti ìmàdò wà lára rẹ̀ fún èmi.

Ará Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Fún àwa náà, túùkú wà lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Iléṣà)

Ó pẹ́ kí n tó wọlé sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní heparin, tí a fi ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ má dì nínú iṣan. Inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tó wọ́pọ̀ jù. Èèpo rírọ̀ ara ọ̀pọ̀ kápúsù pẹ̀lú, jẹlatíìnì ni wọ́n fi ṣe é, ó lè ti ara màlúù wá, ó sì lè ti ara ẹlẹ́dẹ̀.

Àgbàlagbà Mùsùlùmí kan wà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti ka ohun tí abẹ́rẹ́ náà jẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí a dúró. A dúró. Ó pe ààfáà wọn, ààfáà náà sì dé láàárín wákàtí kan, ó ka ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan, ó ṣàlàyé pé ẹni tí ìnira bá mú, tí kì í ṣe pé ó ń wá a kiri, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Màmá náà di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń fún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ dúró." Èmi ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń sọ fún aláìsàn kí n tó ṣí ìgò.

Ará Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Ọlọ́run yóò san án fún yín, Nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ 173 tí mo dárúkọ níṣàájú ni ààfáà náà kà, òpin rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìlódè, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ, ẹ má ṣe jẹ́ kó bí yín nínú. Gbogbo wa ti tú inú wa sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè kò tíì sọ tiyín. Ọmọ yín kò gba ọ̀rọ̀ ọ̀rá, èmi náà kò sì gbà á.

Ọmọ Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn, n kò sì ronú sí i rí àfi ní ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ ìjọ bàbá mi. Bàbá mi jẹ́ Áńgílíkà. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni ìyá mi wọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí a ń pè ní Sẹ̀lẹ́, ìjọ tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ohun tí ìjọ náà kọ̀. Ìyá mi ń fẹ́ ọkùnrin tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń bá a gbé oúnjẹ lọ fún ẹran, wọ́n ń fọ aṣọ tó wọ̀ lọ sí ilé ẹran, wọn kò sì jẹ ẹ́. Bàbá mi kò bá wọn jà. Ó mọ ààrò mìíràn sí ẹ̀yìn ilé, ó ra ìkòkò tirẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti ń fúnra rẹ̀ se ẹran rẹ̀.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ẹ̀yìn ilé máa ń kún nígbà náà. Bàbá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará àdúgbò, gbogbo wọn á wà lẹ́bàá ààrò, ẹ̀rín á máa ti ibẹ̀ wá. Ìyá mi á wà nínú ilé pẹ̀lú adìẹ tí wọ́n sè fún ara wọn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, mo wọlé wá bu omi, mo sì rí wọn tí àwọn nìkan jókòó nídìí tábìlì, tí wọ́n ti bu oúnjẹ sí àwo tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ebi adìẹ ló ń pa mí. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi jáde láyé ní 2011, n kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, kò sì sí Kérésìmesì tí n kò jókòó tì wọ́n. N kò wọ ìjọ wọn. Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ìdí, nígbà tí mo sì dàgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, ọ̀rọ̀ ọ̀rá ló rọrùn jù lẹ́nu.

Lánàá ni mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí. Ó béèrè bóyá òun lè tọ́ ẹran náà wò. Mo ní kò sí ìdí kankan tí kò fi lè tọ́ ọ wò, pé ààrò bàbá àgbà ṣì wà lẹ́yìn ilé, pé bí Kérésìmesì bá dé, màá tún amọ̀ rẹ̀ rẹ́, ìyá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè yóò sì sè é fún òun àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ronú sí i, ó wá ní, "Ta ni yóò wá jókòó tì yín nínú ilé?"

Ìyá Ẹlẹ́ran (Odò-Ògbè, Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ Ìlódè, ẹ gbé àga yín jáde sí ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbé àwo adìẹ yín dání. Bí ìyàwó yín bá nílò ẹni tí yóò bá a fá irun ẹran, mo wà ní Odò-Ògbè, n kò gba owó lọ́wọ́ yín.